Ọ̀rọ̀ tí Ìyá Àgbébọ̀ Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi rèé o!
Àlọ̀!
Ó dá lórí Àgbébọ̀ adìyẹ.

Láyé ọjọ́un, àwọn ẹranko pàdé láti yan ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo ìlú yóò máa ké bí ewu bá dé. Ìgbín ní, "Lédè tiwa, ìkarahun là ń pe ààbò." Òòrẹ̀ ní, "Ẹ̀gún ni tiwa." Àgbébọ̀ ní, "Abẹ́ apá."

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. "Ìyẹ́ lásán! Ta ló kọ́ ẹ nírú èdè yẹn?"

Àgbébọ̀ rántí bí abẹ́ apá ìyá rẹ̀ ṣe máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní, "Ìyá mi ni, lọ́jọ́ tí iná ìgbẹ́ ká wa mọ́." Ó wá kọrin ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi gbè é:

Iná ń bọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi —
Abẹ́ apá!
Ẹ má sá lọ, ẹ wá sọ́dọ̀ mi —
Abẹ́ apá!

Àgbébọ̀ ní, "Nígbà tí iná kọjá, àwa ọmọ mẹ́fà la jáde lábẹ́ apá rẹ̀ láàyè. Ìyá ò dìde mọ́."

Òòrẹ̀ tẹ ẹ̀gún rẹ̀ balẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìgbín ní, "Ìkarahun tèmi, èmi nìkan ló gbà. Ọ̀rọ̀ Àgbébọ̀ ni ká mú."

Abẹ́ apá ni wọ́n ń ké nílùú náà títí dòní bí ewu bá dé.

Àlọ́ mi sùn síbẹ̀ yẹn. Afẹ́fẹ́ ti ń tutù, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ sún wá sábẹ́ aṣọ mi.