Bí Ọ̀kẹ́rẹ́ Ṣe Fúnra Rẹ̀ Pààrọ̀ Bẹ́líìtì Mọ́tò

Mo fẹ́ ṣe ìlérí kan níwájú tọmọdé tàgbà inú agbo ilé yìí: àlọ́ tòní kò ní gùn. Mo mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀ lánàá. Ti àná náà kò gùn. Ilẹ̀ ló yára mọ́.

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ẹ̀yin àgbà orí ẹní lẹ́yìn, mi ò gbọ́ ohùn yín. Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀!

Ó dáa. Mo mọ̀ pé Ìjàpá lẹ ń retí. Ìjàpá ní òun kò sí nínú èyí, kí n má kó orúkọ òun bọ̀ ọ́. Ọ̀rọ̀ Ọ̀kẹ́rẹ́ ni.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń wa mọ́tò, mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní ìlú wọn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ni ín. Òun ló fi ń kó irè oko gbogbo ìlú lọ sọ́jà. Ibẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Àjọkẹ́, àti ọmọ wọn mẹ́fà ti ń jẹun.

Mẹkáníìkì kan ṣoṣo náà ló wà níbẹ̀, tó ń tún mọ́tò wọn àti ti àwọn ìlú ìtòsí ṣe. Alágẹmọ ni. Ẹ mọ bí Alágẹmọ ṣe ń rìn. Bó ṣe ń rìn ló ṣe ń tú nọ́ọ̀tì. Ó lè gbé sípánà sókè láàárọ̀, kó tó kan nọ́ọ̀tì lọ́sàn-án. Ṣùgbọ́n mọ́tò tó bá tún ṣe, ó tún un ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, Alágẹmọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó wo bẹ́líìtì eléyín tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì yìí ló so kẹ̀kẹ́ òkè mọ́ kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ pàdé nínú ẹ́ńjìnnì. Bẹ́líìtì náà ti gbó, ó ti sán káàkiri. Alágẹmọ ní tó bá fi já lójú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Ó ní òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, òun yóò sì gba agbọ̀n àsálà kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gba ilé Ìyá Ọ̀yà lọ, olórí àwọn àgbẹ̀. Tòmátì ti pọ́n lóko gbogbo wọn nígbà náà, ọjà sì ku ọjọ́ márùn-ún. Tí mọ́tò kò bá lọ, inú oko ni tòmátì máa jẹrà sí. Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà tẹ̀dùntẹ̀dùn títí àwọn àgbẹ̀ fi dá àsálà jọ, agbọ̀n kún. Ìyá Ọ̀yà gbé e fún un, ó ní kó fà á lé Alágẹmọ lọ́wọ́.

Agbọ̀n náà dé ilé Ọ̀kẹ́rẹ́. Ibẹ̀ ló sùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé agbọ̀n síwájú, ó jókòó tì í, ó ń ronú bóyá kí òun ṣe iṣẹ́ bẹ́líìtì náà fúnra òun. Ìdí tó fi yẹ kó ṣe é jẹ́ ọ̀kan: agbọ̀n àsálà. Ìdí tí kò fi yẹ kó ṣe é pọ̀ débi pé kò ráyè kà wọ́n.

Ó pe ìyàwó rẹ̀. "Ìyá Àjọkẹ́, mo lè pààrọ̀ bẹ́líìtì yìí."

"Ta ló kọ́ yín, Bàbá Àjọkẹ́?"

"Mo ti wo Alágẹmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe irú rẹ̀ lójú mi."

"Níbo lẹ wà tẹ́ ẹ fi ń wò ó?"

Ó ní orí igi ìṣin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ Alágẹmọ ni. Ìyàwó rẹ̀ béèrè bóyá bó ṣe máa ń wà lórí igi náà ló wà, orí nísàlẹ̀, ìrù lókè. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní báwo tún ni ọmọlúàbí ṣe ń wà lórí igi.

 Ìyá Àjọkẹ́ ní kó jọ̀wọ́ gbé agbọ̀n náà fún ẹni tó ni ín. "Tí ọwọ́ yín bá ṣì í, tí mọ́tò bàjẹ́, kí làwọn ọmọ máa jẹ?"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo agbọ̀n. "Àsálà," ló wí.

Bó ṣe mú sípánà nìyẹn. Mi ò ní bú u. Ó tú nọ́ọ̀tì dáadáa, ó tò wọ́n sórí ewé kókò bí wọ́n ṣe tóbi sí. Ó yọ bẹ́líìtì àtijọ́, ó mú tuntun. Ibi tó kù wá ni ibi àmì.

Àmì funfun kékeré kan wà lára kẹ̀kẹ́ òkè, òmíràn wà lára kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀. Kí wọ́n tó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ, àwọn àmì méjèèjì gbọ́dọ̀ kọjú síbi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ yìí dà bí ẹni pé nítorí Alágẹmọ ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀: ojú rẹ̀ kan á wo òkè, ojú kejì á wo ìsàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ kò sì ní mì.

Ọ̀kẹ́rẹ́ di ojú, ó rántí. Ó rántí pé ìsàlẹ̀ ni àmì méjèèjì máa ń kọjú sí. Ìrántí rẹ̀ kò ní àbùkù kankan. Orí rẹ̀ ló dorí kodò nígbà tó ń kó ìrántí náà jọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ló bá nàró lórí ẹsẹ̀ méjì bí ọ̀gá, ó kọjú àmì méjèèjì sísàlẹ̀, ó fi bẹ́líìtì kọ́ ọ.

Ó ku nǹkan kan. Kí Alágẹmọ tó fi kọ́kọ́rọ́ sí mọ́tò, ó máa ń fi sípánà yí ẹ́ńjìnnì jẹ́jẹ́, ìyípo méjì, kó mọ̀ bóyá irin kan ń kọ lu òmíràn. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní àṣehàn nìyẹn, ohun tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ gba ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn. Ó dé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Ọ̀yà pé Alágẹmọ ti parí iṣẹ́. Ó yẹ kó dán mọ́tò wò, ṣùgbọ́n àsálà ń dúró dè é.

Ọjọ́ ọjà pé. Wọ́n kó tòmátì kún mọ́tò títí ó fi tẹ̀ lẹ́yìn. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun orí àga, ó yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò ní kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, gbà. Ó dákẹ́. Irin òkè àti irin ìsàlẹ̀ ti pàdé. Wọn kò kí ara wọn dáadáa.

Ìyá Ọ̀yà ní kí wọ́n lọ pe Alágẹmọ. Wọ́n pè é ní kùtùkùtù, ó dé nígbà tí oòrùn ti mú. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó fi ojú kan wo ẹ́ńjìnnì, ó fi èkejì wo Ọ̀kẹ́rẹ́.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Ìwọ kọ́?" Ìyá Ọ̀yà ló dáhùn. "Àbí o ò gba àsálà?"

"Àsálà wo?"

Gbogbo ìlú kọjú sí Ọ̀kẹ́rẹ́. Ó fẹ́ ṣàlàyé, àlàyé náà sì wà lórí ahọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n mẹ́fà tó kù nínú àsálà náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó la ẹnu. Ọ̀kan jábọ́, ó yí gbirigbiri dé ẹsẹ̀ Ìyá Ọ̀yà. Ìyá Ọ̀yà mú un, ó yí i wò.

"Ti oko mi ni," ló wí.

Wọn kò lù ú, tòmátì kò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Wọ́n ní kó bọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Òun, ìyàwó àti ọmọ mẹ́fà ló ti mọ́tò náà dọ́jà, Ìyá Ọ̀yà àti Alágẹmọ sì jókòó síwájú, Ìyá Ọ̀yà ń darí. Tòmátì tó kù lẹ́yìn ìrìn náà, ọbẹ̀ ló kù tó máa jẹ́.

Nígbà tí wọ́n dé ọjà, Ìyá Àjọkẹ́ kúnlẹ̀ níwájú Alágẹmọ. Ó ní kó ṣàánú àwọn, mọ́tò nìkan làwọn ní. Alágẹmọ rò ó títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní òun yóò tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ṣùgbọ́n Ọ̀kẹ́rẹ́ yóò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òun fún ọdún mẹ́ta, lórí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ gun igi kankan. Ọdún àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì ló fi kẹrosíìnì fọ̀.

Ìdí àlọ́ mi rèé, mo gbé e kalẹ̀ sáàárín yín: ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ bóyá iṣẹ́ náà ló wù ú ni tàbí agbọ̀n àsálà. Tó bá jẹ́ iṣẹ́, kó sọ̀ kalẹ̀ wá kọ́ ọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú agbo ilé. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ Alágẹmọ, ó ti ṣí ìsọ̀ tirẹ̀. Oníbàárà kan ṣoṣo ló ṣì ní, ẹni náà kò sì tíì gbọ́.