Igbe Tí Wọ́n Sọ Di Orin Ijó

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ orin tàkasúfèé. Ó mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní fi ìyẹn dù ú. Ẹnì kan tó ń ṣe fíìmù bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ orin kan sínú fíìmù tuntun tí òun ń ṣe lọ́wọ́. Ìtàn fíìmù náà dá lórí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kúrò ní abúlé etí ọ̀sà, tó sì lọ di olówó nílùú ńlá. Olórin yìí kọ orin náà tán, ṣùgbọ́n kò rí ègbè tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá gbéra lọ sí etí ọ̀sà fúnra rẹ̀, bóyá yóò rí ohùn tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí.

Ó rí i. Obìnrin kan wà ní abúlé tó dé, ẹja ló ń yan tà. Lọ́dún tó ṣáájú, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó àwọn ọmọ abúlé náà lọ ṣe ìdánwò ní òdìkejì ọ̀sà dà. Ogún ènìyàn ló yẹ kó gbé, ogójì ni ọlọ́kọ̀ kó sínú rẹ̀. Ọmọ obìnrin yìí wà níbẹ̀. Ìbíwùmí lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Wọn ò rí òkú rẹ̀. Láràárọ̀ ni ìyá rẹ̀ máa ń dúró ní èbúté, tí yóò kọjú sómi, tí yóò máa pè é pé, "Ìbíwùmí, yọrí sí mi! Yọrí! Yọrí o!" Ó fẹ́ kí ọmọ náà yọ orí jáde nínú omi, kí òun rí i lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí olórin náà gbọ́ ọ, orí rẹ̀ wú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin náà.

"Ìyá mi, ẹ jẹ́ n gba ohùn yín sílẹ̀."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Orin ni, mà. Gbogbo ayé á gbọ́ nípa ọmọ yín. Wọ́n á gbọ́ ohun tí ọlọ́kọ̀ yẹn ṣe."

Obìnrin náà tún bi í pé, "Ṣé wàá dárúkọ ọmọ mi?"

"Màá dárúkọ rẹ̀, mà. Mo fi Ọlọ́run búra."

Bóyá ó fẹ́ ṣe é lóòótọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ inú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tó dé sítúdíò, tí ẹni tó ni fíìmù gbọ́ ohùn náà, onítọ̀hún pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Yọrí yẹn dùn! Ẹni tó bá là ló yọrí, àbí? Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ orúkọ òkú nínú orin ijó? Gé e kúrò." Olórin náà sì gé e. Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí i lọ́rùn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé e.

Orin náà jáde, ó gbòde ju fíìmù tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é lọ. Kò sí ibi ìgbéyàwó, kò sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí wọn kì í ti í lù ú. Wọ́n dá ijó sí i. Wọ́n á lóṣòó, wọ́n á máa ju apá bí ẹni tó ń rì, tí ègbè bá sì dé, gbogbo wọn á fò sókè pé, "Yọrí!" Ìyá ọlọ́mọ ń ké nínú ẹ̀rọ, àwọn ènìyàn ń ju ìdí.

Má tíì mi orí sí mi. Jẹ́ n sọ ọ́ tán.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, olórin náà wá kọrin ní pápá ilé ẹ̀kọ́ kan ní òdìkejì ọ̀sà, ó dojú kọ abúlé obìnrin náà gan-an. Àwọn ará abúlé rọ́ wọnú ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ yẹn kan náà ni, ó sì tún kó wọn kún bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ń kọ "Yọrí" lórí omi tó gbé ọmọ wọn mì. Obìnrin náà wà láàárín wọn. Ó di etí ọkọ̀ mú.

Nígbà tí wọ́n dé pápá, ó la èrò já, ó gun orí pèpéle. Olórin náà dá a mọ̀. Gbogbo àwọn tó wà níwájú ló rí bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà.

"Orúkọ ọmọ mi dà?" ni obìnrin náà bi í.

Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá tó. Ṣé o mọ ohun tó sọ? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá fẹ́ bá wa jó! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún màmá!"

Wọ́n sì pàtẹ́wọ́.



Obìnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ orin wà nítòsí, òun ti gbọ́ ìbéèrè náà. Ó pa orin. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn mìíràn lé ìyá náà lọ́wọ́, ó ní, "Mà, ẹ sọ ọ́." Ìyá náà ò ṣépè, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kọjú síbi tí omi wà, ó ní, "Ìbíwùmí, yọrí sí mi." Lẹ́yìn náà ló wá ń pe àwọn ọmọ yòókù tí omi gbé lọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú orúkọ bàbá wọn. Àwọn tó ti lóṣòó láti jó kò mọ bí wọn yóò ṣe dìde. Bàbá kan láti abúlé náà gbọ́ orúkọ ọmọ tirẹ̀. Ó jókòó sínú eruku, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, nítorí òun náà ti jó orin yẹn láàárọ̀.

Olórin náà gba ẹ̀yìn pèpéle, ó wọ mọ́tò, ó lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sílé, ọlọ́kọ̀ ní kí wọ́n súnra kì, àyè ṣì wà. Ogún ènìyàn wọlé. Àwọn tó kù jókòó sí èbúté, wọ́n ní àwọn yóò dúró kó lọ kó bọ̀. Ó bú wọn títí. Wọn ò dìde.

Má bi mí bóyá Ọlọ́run jẹ olórin náà níyà. Ara rẹ̀ le koko. Wọ́n ṣì ń lu orin náà.

Ìwọ ni mo ń bá wí, Díákónì. Ní Sátidé tó kọjá, o gbé àpò ìrẹsì lọ fún opó bíríkìlà tó já bọ́ láti orí ilé tó ń kọ́. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà, o ò rí mi. Ó sunkún. O ní fóònù rẹ kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a sílẹ̀, pé kó tún un sun. Ó sì tún un sun, torí pé ìrẹsì wà lọ́wọ́ rẹ, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì tíì jẹun. O wá fi ohùn dùùrù sí fídíò náà, o fi ránṣẹ́ sí gbogbo ìjọ, wọ́n ń kí ọ pé o káre. Ṣé àánú nìyẹn? Ẹkún ọmọlákejì rẹ lo gbà, tí o fi ṣe ara rẹ lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹni tí ebi ń pa ọmọ rẹ̀ kò lè sọ fún ọ pé rárá. Olè lo jà, ìrẹsì lo fi ṣí ilẹ̀kùn.

O wá bá mi pé kí n gbàdúrà kí iṣẹ́ àánú rẹ lè gbòòrò sí i. Mi ò ní gba àdúrà kankan. Mú fóònù yẹn jáde. Pa fídíò náà rẹ́ níṣojú mi. Kí o sì fi fóònù náà sílẹ̀ lórí tábìlì yìí, nítorí a jọ ń lọ bẹ opó náà nísinsìnyí ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ọ níbi tí o ti ń bẹ̀ ẹ́.