Òkété Tó Ní Etí Òun Dí

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ó rẹ èmi náà. Àlọ́ mi kò sáré lálẹ́ yìí. Ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́, ó rìn títí, ó lọ jókòó ti Òkété àti ìyá rẹ̀. Àsàbí, ìwọ tí ọ̀fìnkìn dí ọ létí láti àná, sún mọ́ mi. Tìrẹ ni.

Ní ìgbà kan, ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ, òjò kò sì ní pẹ́ dé. Àwọn ẹranko ní àwọn yóò fi àáró kọ́lé. Ẹ mọ àáró: a ṣe tèmi lónìí, a ṣe tìrẹ lọ́la. Ara la fi ń san án.

Òkété ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ìyá mi ti darúgbó, òjò kò gbọdọ̀ bá wọn níta."

Àánú ṣe wọ́n. Ọ̀yà gbẹ́ ilẹ̀, Ẹtu ru ewé, wọ́n ṣe é títí ẹ̀yìn ń ro wọ́n. Ó wá kan ilé Ọ̀yà. Òkété na ẹsẹ̀ sórí ẹní, ó ní ara òun kò gbé e. Ta ni ara rẹ̀ ń gbé e? Ó kó ẹ̀kùrọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, ojú rẹ̀ wú bọ̀ǹbọ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n ń pè é. Ẹ bá mi gbè é:

*Òkété o, àáró dé,*
N ó gbọ́ lọ́la.
*Ilẹ̀ ti mọ́, gbé ọkọ́ rẹ,*
N ó gbọ́ lọ́la.
*Òjò ń bọ̀, ilé Ọ̀yà ńkọ́?*
N ó gbọ́ lọ́la.

Ó tọ́ka sí etí, ó ní, "Mo rí i pé ẹnu yín ń mì. Ọ̀fìnkìn ló dí mi létí. N ó gbọ́ lọ́la." Àwọn wọ̀nyẹn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n kí i pẹ̀lẹ́, wọ́n lọ. Ní ọ̀la, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní ọ̀túnla ńkọ́? Ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ìyá rẹ̀ ní, "Ọmọ mi, àìsàn tí ò ń pè yẹn, etí tirẹ̀ kò dí o."

Kò gbọ́. Ẹ̀kùrọ́ pẹ́ lẹ́nu, ó kan, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ẹ̀yin ọmọ, ọ̀nà tóóró kan wà láti ọ̀fun lọ sí etí. Atẹ́gùn ń gba ibẹ̀, etí fi ń là. Ọ̀nà yẹn wú, ó dí pa. Etí ń ro ó, ó ń hó. Bí òun fúnra rẹ̀ bá sọ̀rọ̀, bí ẹni tó wà nínú ìkòkò ni. Ó wá di òótọ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún tí kò ti sọ ọ́ fún tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kan ni iná sọ nínú igbó. Ọ̀yà ń pariwo, "Iná o! Òkété, iná!" Òkété ń sùn ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń kó eérú lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́. Ó sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ti tẹ̀, ó fi ọwọ́ eérú gbá ìrù ọmọ rẹ̀ mú, ó wọ́ ọ. Ó wọ́ ọ, ó wọ́ ọ, títí wọ́n fi bọ́ síta. Òkété lanu gbàgà kí ó ké, ẹ̀kùrọ́ fọ́n jáde, ó gbé itọ́ mì, etí rẹ̀ sì ró: pọ́!

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ìyá rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lẹ́yìn wọn, ilé wó.

Ojú ọ̀run ti ṣú. Òkété jáde lọ pe àáró. Ẹ gbè é, ẹ má jẹ́ kí n dá a kọ:

*Ọ̀yà o, Ẹtu o, àáró dé,*
A ó gbọ́ lọ́la.
*Ilé ti jó, ìyá mi wà níta,*
A ó gbọ́ lọ́la.

Ọ̀yà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí kò tíì ní òrùlé, ó fọwọ́ kan etí. Ó ní, "N kò bá ọ jà, Òkété. Ó rẹ̀ mí ni."

Òkété padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ ní òun nìkan. Ó gbọ́ ọkọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀, gbì, gbì, kò lágbára. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyá rẹ̀ ni, pẹ̀lú ọkọ́ tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ tán.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó. Ta ló pè yín?"

Ìyá ní, "Mo gbọ́ tí o ń pe àáró."

Láti ìgbà náà ni òkété ti ń dá ilé rẹ̀ gbẹ́, tí ìrù rẹ̀ sì funfun níbi tí ọwọ́ eérú ìyá rẹ̀ dì mú.

Àsàbí, gbé itọ́ mì. Yán. Ó ró? Ó dáa. Bí mo bá parọ́, kí etí tèmi má là mọ́. Bí n kò bá parọ́, kí ó ró: pọ́, pọ́, pọ́! Ẹ gbé ẹní yín wọlé, kí ẹnì kan sì fa èmi ìyá yín àgbà dìde.