Ọdẹ́ríndé tí Wọ́n Ṣípà fún Láàyè

Ẹ kú àpéjọ, ọmọ ilé wa àti ẹ̀yin àlejò. Ilé Ọdẹ́tọ́lá là ń sọ, ọmọ apẹfọ̀n-fìwo-bomi-fálejò, ọmọ ọdẹ tí ẹkùn ń gbóhùn rẹ̀ tí ń yà kúrò lọ́nà. Ẹni tí ilé tirẹ̀ bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó dìde kó wí.

Ọdẹ́ríndé tó bí wa, àkọ́bí Ọdẹ́tọ́lá, kò fi ọgbọ́n bẹ̀rẹ̀ ayé. Ó ń jí adìyẹ, ó ń wa iṣu oníṣu, bí wọ́n bá sì lé e, yóò gba inú igbó lọ bí ẹtu. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Baba rẹ̀, olórí ọdẹ, lé e títí, kò bá a rí. Àfi ìgbà tí tíṣà kan sọ pé ẹsẹ̀ tó ń gbé olè sá lè gbé ọmọ dé ibi iyì, tó mú un lọ síbi eré ìje ọjọ́ Ẹ́mpáyà, àjọ̀dún ìjọba òyìnbó, níbi tó ti fi gbogbo ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ sínú eruku. Olè di ẹni à ń gbé lé èjìká.

Ogun Hítílà dé, àwọn òyìnbó kó o ṣe sójà lọ sí Bọ́mà lókè òkun. Nínú igbó ọparun ibẹ̀, ìbọn ọ̀tá pa gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń lọ, ó ku òun nìkan pẹ̀lú ebi, ibà àti eṣúṣú. Ìròyìn kàn sílé pé ó ti sọnù sógun. Ọdẹ́tọ́lá sunkún, ó ṣe ohun tí ọdẹ ń ṣe fún ọdẹ tó kú: ó gbẹ́ ère, ó fi aṣọ ọmọ rẹ̀ wọ̀ ọ́, àwọn ọdẹ sì fi ìrèmọ̀jé, orin arò ọdẹ, sìn ín lọ sínú igbó, pé kí òkú máa lọ. Ìṣípà nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni igbó Bọ́mà yí padà mọ́ Ọdẹ́ríndé lójú. Iwin tó fi ikùn ṣe ẹnu jáde, èyí tó ń fi etí ara rẹ̀ bora jáde, olójú mẹ́rìndínlógún tí àwọn ojú rẹ̀ ń pín oorun sùn jáde, pẹ̀lú àwọn egungun aláìlórí tó wọ bàtà sójà. Olórí wọn, Ẹlẹ́sẹ̀-Ìjì, rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, wá jókòó. Baba rẹ ti kí ọ pé ó dìgbòóṣe. Ta lo tún ń sá lọ bá?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, nítorí ó ń gbọ́ ohùn baba rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tó ń sun ìrèmọ̀jé. Ó tutọ́ sílẹ̀.

“Baba mi ti ń lé mi láti kékeré, kò bá mi rí. Ṣé ìdágbére rẹ̀ ni yóò wá bá mi?”

Ó bẹ́ sí eré. Ẹlẹ́sẹ̀-Ìjì ń fa ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ ya, àwọn egungun ń tẹ gìgísẹ̀ rẹ̀, kò dúró, títí ó fi ṣubú sétí odò níbi tí àwọn sójà tiwa ti rí i, tó fúyẹ́ bí ọmọ ọwọ́.

Nígbà tó délé, àwọn obìnrin sá, àwọn ọdẹ na ìbọn sí i. Ọdẹ́tọ́lá ní kí wọ́n sọ ìbọn kalẹ̀. Àwọn ọdẹ rán an létí pé bí ère ìṣípà bá ṣì dúró nínú igbó, ẹni tí wọ́n gbẹ́ ẹ fún kò ní lè sùn nínú ilé, ẹni tó bá sì hú u ni yóò kú dípò rẹ̀.

Ọdẹ́tọ́lá dáhùn pé, “Ọmọ mi sá láti Bọ́mà wá. Èmi náà lè rìn dé igbó.”

Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hú ère náà. Kò jẹ iṣu tuntun ọdún náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹni tí ẹ kò bá rí òkú rẹ̀, ẹ má yára dágbére fún un. Ọdẹ́ríndé pẹ́ láyé, irun orí rẹ̀ funfun báláú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí baba rẹ̀ ti lọ dípò rẹ̀, a kò rí i kó tún sáré mọ́, àní bí òjò bá ká a mọ́ oko.