Ìdí Tí Ewé Ìrèké Kì Í Fi Í Dákẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi eyín họ ìrèké létí mi, ẹ rọra o. Ewé tí ẹ jù sílẹ̀ yẹn, ta ni ó ti ya lọ́wọ́ nínú yín? Ẹ̀n-ẹ́n, mo mọ̀. Ẹ jókòó dáadáa, kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Nígbà láéláé, kí ìrèké tó mọ ariwo, ewé rẹ̀ dán, ó sì rọ̀ bí ewé kókò. Afẹ́fẹ́ a fẹ́ títí, ìrèké kò ní mira. Ó ń ga, ó ń dùn, ó sì ń gbéra ga.

Ní òkè òkun lọ́hùn-ún, òyìnbó kan ní oko ìrèké tí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Pàṣán kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ṣe ń pè é ní Onípàṣán. Wọ́n ń ro oko, wọ́n ń bẹ́ ìrèké, wọ́n ń tì í sẹ́nu ẹ̀rọ tí ń fún un, wọ́n sì ń se omi rẹ̀ di ṣúgà. Ta ló ń lá ṣúgà náà? Ẹ má wulẹ̀ bi mí, inú ń bí mi.

Ìyá kan tí ń jẹ́ Abíọ́nà wà lára wọn, òun àti Àwẹ̀ró, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, Onípàṣán gbé àgbọ̀n Àwẹ̀ró sókè, ó wo eyín rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹṣin lọ́jà. Ó ní bí ọkọ̀ ojú omi bá ti dé, òun yóò tà á sí ibòmíràn. Abíọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọn yóò gbà sá. Kò lè jókòó, kò lè dúró.

Òkè kan wà lẹ́yìn oko náà tí igbó bò. Àwọn tó ti sá lọ ṣáájú ti kọ́ ahéré síbẹ̀, Onípàṣán kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n inú oko ìrèké ni ọ̀nà ibẹ̀ gbà, Ajá Onípàṣán ló sì ń ṣọ́ ọ. Òórùn ṣúgà tí ń hó ti dí Ajá nímú, etí nìkan ló gbẹ́kẹ̀ lé. Oko yẹn sì dákẹ́ rọ́rọ́.

"Èèrà kò lè rìn kí n má gbọ́," Ajá a máa fọ́nnu. "Kí ẹnikẹ́ni dán an wò!"

Abíọ́nà lọ bá Ìrèké.

"Ìrèké, o kú ìdúró o. Ta ló ń tu koríko lẹ́sẹ̀ rẹ?"

"Ìwọ ni. Kí ló dé?"

"Nílé wa, àáró ni à ń ṣe. Bí mo bá bá ọ ro oko tìrẹ lónìí, ìwọ náà á wá bá mi ro tèmi lọ́la. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, a kì í kà á kún èèyàn. Ọjọ́ wo lò ń bọ̀ lóko tèmi?"

Ìrèké bú sẹ́rìn-ín. "Àáró kẹ̀? Onípàṣán ní èmi ni ọba oko yìí, ẹ̀yin sì ni ẹrú mi."

"Ọba!" Abíọ́nà pòṣé. "Ọba wo ni wọ́n ń bẹ́ lórí lọ́dọọdún? Yíjú wo ẹnu ẹ̀rọ yẹn. Ó ń tàn ọ́, ìwọ náà sì ń gbà."

Ìrèké yíjú. Ó rí èèpo àwọn ẹbí rẹ̀ lókìtì.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Pariwo. Bí èmi àti ọmọ mi bá ti wọ inú rẹ, máa fi ewé na ewé, kí Ajá má lè gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀ lé wa, má jẹ́ kó kọjá. Bí a bá dé orí òkè, n ó ké sí ọ pé, 'Àáró pé o!' Ìgbà yẹn ni o san àáró mi tán, ìgbà yẹn ni kó o tó dákẹ́."

"Mo gbọ́," ni Ìrèké wí.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, Abíọ́nà lọ bá Bàbá Ṣówándé, àgbàlagbà tó ń ti ìrèké sẹ́nu ẹ̀rọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Ẹsẹ̀ mi kò lè gun òkè báyìí," ni bàbá wí. "Ẹ máa lọ. Bí eegun yìí bá san, n ó bá yín lọ́hùn-ún. Ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí òòrùn kan àtàrí, bàbá ju òkúta sẹ́nu ẹ̀rọ. Gàràkà! Ẹ̀rọ dá. Onípàṣán sáré lọ síbẹ̀, ó ń bú èèyàn, ó ń na èèyàn.

Abíọ́nà fa Àwẹ̀ró lọ́wọ́, ó di inú oko. Ìrèké bẹ̀rẹ̀: ṣìì, ṣìì, ṣàà! Ajá na etí títí, ewé nìkan ló ń gbọ́. Ẹ̀rù bà á, ó gbó, Onípàṣán sáré dé, àwọn méjèèjì já wọ inú oko. Ìrèké wá múra gidi. Ó mú kí etí ewé rẹ̀ le títí ó fi mú bí abẹ. Ó ya Onípàṣán lójú, ó ya á lọ́rùn, ó ya Ajá nímú. Tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀ ni wọ́n sá padà. Ó tó wọn bẹ́ẹ̀!

Ṣùgbọ́n ewé kò lójú. Ó ya Àwẹ̀ró náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọmọ fẹ́ ké.

"Má ké, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Ọgbẹ́ yìí á jinná."

Wọ́n dé òkè. Àwọn ará ibẹ̀ bu omi fún wọn. Àwẹ̀ró wo ìsàlẹ̀, ó rí i tí oko ṣì ń mì.

"Ìyá mi, a ti dé. Ẹ ò ní ké sí i pé àáró pé?"

Abíọ́nà la ẹnu. Ó rí Bàbá Ṣówándé lókèèrè, lábẹ́ pàṣán. Ó rí àwọn yòókù tí wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ìrèké. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ṣé èmi nìkan ni mo bá a ro oko ni?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹni ìkẹyìn bá dé, n ó ké."

Ó ń retí. Ọ̀kan dé lónìí, òmíràn dé lẹ́yìn òjò. Abíọ́nà di arúgbó lórí òkè yẹn, ó ń wo ọ̀nà. Bàbá Ṣówándé kò dé. Abíọ́nà kú, kò ké.

Láti ọjọ́ náà ni ewé ìrèké ti mú bí abẹ, tí kì í sì í dákẹ́. Ibi yòówù kí a gbìn ín sí, bí afẹ́fẹ́ kò tilẹ̀ ju bíńtín lọ, ṣìì, ṣìì, ó ń fi ewé na ewé. Ẹ̀yin ọmọ yìí, bí ẹ bá wọ oko ìrèké, ẹ má sọ fún un pé kó dákẹ́ o. Ẹnìkan lè wà nínú rẹ̀ tí kò tíì dé òkè.