Ojú Táyé Tí Wọ́n Gé Kúrò

Ní Ẹ̀bá-Odò, bí ẹnì kan bá fẹ́ bá ọ tún nǹkan rẹ ṣe láìbi ọ́, wọ́n á ní: "Bi olójú kí o tó nu ojú." Àlejò á rẹ́rìn-ín. Ta ló ń bi ọmọdé kó tó nu ikun imú rẹ̀? Ìwé tí ẹgbẹ́ atúnfọ́tòṣe tẹ̀ nípa ìbẹ̀rẹ̀ wọn sọ pé àgbà ọlọ́gbọ́n kan ló pa òwe yìí lọ́jọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, kó má baà parẹ́.

Lọ́dún tí odò ya wọ ilé, fọ́tò tí omi kò gbé lọ lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Rámọ́tà aránṣọ kó èèyàn jọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àwọn ló wá di ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára fọ́tò onífọ́tò, wọ́n ń sá a sórí okùn, ọ̀fẹ́ ni. Ṣíjúwadé ló mọ kọ̀ǹpútà. Fọ́tò tó bá ti ń jẹrà, á yà á sínú kọ̀ǹpútà, á nu àbàwọ́n rẹ̀, á tẹ tuntun. Ọwọ́ rẹ̀ yá gan-an, òun náà sì mọ̀.

Arúgbó kan tó ń jẹ́ Kẹ́hìndé, Màmá Kẹ́hìndé lẹ́nu ará ìlú, gbé tirẹ̀ wá. Ọmọbìnrin kékeré méjì ló jókòó nínú rẹ̀, ojú kan náà, ìlà kan là wọ́n láàárín.

Ó ní, "Òun nìkan ni mo ní. Látìgbà tí omi ti dé, bí mo bá se ẹ̀wà, n kò mọ iwájú ẹni tí n ó gbé e sí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá," ni Rámọ́tà wí. Èrò pọ̀ lẹ́yìn arúgbó náà. Kò bi í ta ni.

Ṣíjúwadé wo fọ́tò náà, ó ní ayàwòrán àtijọ́ ló ṣèèṣì tẹ ọmọ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ó gé apá òsì kúrò, ibẹ̀ ni àbàwọ́n pọ̀ sí. Ó tún apá ọ̀tún ṣe títí ó fi ń dán, ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín. Ó sì pa ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè gba tàwọn yòókù. Bébà àtijọ́ ti ya sí wẹ́wẹ́, wọ́n ti gbá a dà sínú iná.

Màmá Kẹ́hìndé gba fọ́tò tuntun. Ó wò ó. Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

"Táyé dà?"

"Táyé wo, Màmá?"

"Èyí tó jókòó lápá òsì mi."

Rámọ́tà ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ni: láyé ọjọ́un, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú láìya fọ́tò, èyí tó kù ni wọ́n ń gbé jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo Ṣíjúwadé. Ṣíjúwadé ti ń wá inú kọ̀ǹpútà kiri. Kò rí nǹkan kan.

Ó ní, "Màmá, kò le. Ẹ̀yin kan náà ṣáà ni. Mo lè tẹ ojú yín sí apá kejì, á rí bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Èmi ni mo jókòó, òun ni wọ́n yà. Aṣọ rẹ̀ ni wọ́n wọ̀ fún mi. Bàbá wa ní n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín, torí Táyé kì í rẹ́rìn-ín sí àlejò. Ẹ̀rín mi lo fẹ́ fi sí i lẹ́nu?"

Ó gbé fọ́tò náà kalẹ̀ níwájú Ṣíjúwadé.

"Ta ló ní kó o gé e?"

"Mo rò pé àṣìṣe ni, Màmá."

"Mo wà láyé. O ò bi mí."

Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ òsì fọ́tò náà. "Ṣé o lè fún un ní àyè rẹ̀ padà? Má ya nǹkan kan síbẹ̀."

Ṣíjúwadé fa ìlà, ó fi apá òsì sílẹ̀ ní funfun báláú, ó tẹ̀ ẹ́. Arúgbó náà fi àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n.

"Fẹ̀ ẹ́ sí i. Òun ló sanra jù mí lọ."

Ó fẹ̀ ẹ́. Màmá Kẹ́hìndé gbé e sábẹ́ apá, ó lọ ilé.

Látọjọ́ náà, Ṣíjúwadé kì í fọwọ́ kan fọ́tò bí ẹni tó ni ín kò bá jókòó tì í. Á bi í: ta nìyí? Kí lèyí létí rẹ̀? Ó sú ọkùnrin kan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá mi nù ún." Ṣíjúwadé gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ní àfi kó wí. Ẹnu Ṣíjúwadé nìlú ti gbọ́ òwe náà. Kì í ṣe àgbà, kò sì gbọ́n lọ́jọ́ tó yẹ kó gbọ́n. Ó kàn mọ ohun tó ti ọwọ́ òun bọ́ ni:

Bi olójú kí o tó nu ojú.