Irinwó Ebè
“Má jẹ́ kí ìṣirò dẹ́rù ba ọmọ wa,” ni Àṣàbí sọ fún Láoyè ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn kó tó kú. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé, Màmá Ìkìrun, bá Láoyè àti Mọrẹ́nikẹ́ ọmọ rẹ̀ lóko. Ó ní bàbá ò lè kọ́ ọmọ níwèé, òun á mú Mọrẹ́nikẹ́ lọ, àfi bí ọmọ náà bá sọ iye ebè oko náà kí òun tó mu omi igbá kan tán. Ọmọ náà ka ìlà kan, ó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ka àwọn ìlà, wọ́n jẹ́ mẹ́rìndínlógún. “Ìlà mẹ́rin jẹ́ ọgọ́rùn-ún, ìlà mẹ́rìndínlógún sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Irinwó ni, Màmá.” “Irọ́ ńlá!” Màmá gbé igbá tí omi ṣì kù nínú rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ka ebè lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣì í kà, ló bá jókòó. “Dúró ti bàbá rẹ. Ṣùgbọ́n wá kọ́ èmi náà ná.” Láoyè ti kọ́ ọmọ náà ní ìsọdipúpọ̀, kò tíì kọ́ ọ ní pínpín. Kò tíì ká aṣọ Àṣàbí kúrò lórí okùn. Kò tíì gbin iṣu sí ìkankan nínú irinwó ebè náà.